Ilẹ̀ àgò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ìtọ́jú ara gínípíìgì

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gínípíìgì, ẹran ọ̀sìn kékeré tí kò ní ìrù, ni pé, "Ọṣẹ wo ni kí n máa fi wẹ̀ ẹ́?" Ẹ gbé ọṣẹ yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un. Gínípíìgì onírun kúkúrú lè lo ọdún 5 sí 8 láyé, kó má wẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ, kí ara rẹ̀ sì máa dán. Èyí tó bá ń rùn, ibi tó ń sùn ló ń rùn. Ẹ wẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, ẹ dá a padà sórí ìtọ̀ àná, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti padà sí bó ṣe wà, àfi pé otútù ti tún mú un kún un.

Ẹranko yìí mọ ara rẹ̀ tọ́jú. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ó rí i tó ń lá ọwọ́ iwájú méjèèjì, tó ń fi pa imú àti ojú, tó ń yí ọrùn padà láti fi eyín ya irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn omi funfun bíi wàrà á sun jáde lójú rẹ̀, á yára fi ọwọ́ gbà á, á fi fọ ojú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ti máa wá owó dókítà ẹranko kiri. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí omi ojú bá ń dà ṣáá, tó bá ki bí ọyún, tàbí tí ìpéǹpéjú lẹ̀ mọ́ra, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e jáde.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín pé ilẹ̀ Guinea tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá. Orí òkè Andes ni, ní Peru àti Bolivia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní cuy, tí wọ́n sì ti ń sìn ín fún jíjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ tutù, ó sì gbẹ. Ooru tó bá ti kọjá ìwọ̀n 26 ti Celsius ti ń ni ín lára, irun rẹ̀ kì í sì í tètè gbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin. Ẹni tó ń sìn ín ní Ìbàdàn tàbí Cotonou ní láti fi èyí sọ́kàn ju ẹni tó ń sìn ín ní London lọ.

Ilẹ̀ àgò

Gínípíìgì kan ṣoṣo ń yàgbẹ́ tó 100 kóró, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójúmọ́. Kóró gbígbẹ yẹn kì í fa wàhálà púpọ̀; ìtọ̀ ni ọ̀tá. Ìtọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ á di amóníà, amóníà á máa ta á nímú àti ní ẹ̀dọ̀fóró, á sì máa jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má dúró lókè kí ẹ ní kò rùn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé imú yín sí ibi tí imú tirẹ̀ wà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí ilẹ̀. Bó bá ta yín lójú níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń ta òun.

Àgò tó bá há, kò sí bí ẹ ṣe lè gbá a tó tí kò ní rùn. Gínípíìgì méjì nílò ilẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, tó fẹ̀ tó 2. Mo sọ pé méjì nítorí ẹranko agbo ni. Ní Switzerland, òfin kò gbà kí èèyàn sin ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ilẹ̀ àgò náà jẹ́ pẹrẹsẹ. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé ehoro, tí ìgbẹ́ á máa jábọ́ láàárín rẹ̀, rọrùn fún ẹni tó ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ gínípíìgì. Kòkòrò àìrí á gba ojú egbò náà wọlé, ẹsẹ̀ á wú, àìsàn náà á sì wọ eegun. Ìwòsàn rẹ̀ máa ń gba oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn kì í san mọ́. Ilẹ̀ tó tutù ṣáá àti ẹran tó sanra jù ń fa ohun kan náà.

Ní ilé, èérún pákó tí àwọn tó ń sin adìyẹ ń lò ló sún mọ́ wa jù. Ẹ béèrè fún èyí tó jáde láti ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì ká kóńdókóńdó. Èyí tó kúnná bí gààrí láti ojú ayùn kò dára: eruku rẹ̀ ń wọ imú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ akọ. Ẹ bi oníṣẹ́ pákó bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán sí i. Bó bá ti fi sí i, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Igi tí òórùn rẹ̀ lágbára náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sá èérún náà sóòrùn fún ọjọ́ 2, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn bí i mẹ́rin sísàlẹ̀, kí ẹ wá da èérún sórí rẹ̀ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Àwọn tó wà lókè òkun sábà máa ń lo aṣọ fleece, irú aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ kì í fa omi. Ìtọ̀ á dúró lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ bí ìgbà 3 sí 4 kí ẹ tó lò ó, kí ẹ má sì fi oògùn tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i láé, torí òun ló ń dí ojú aṣọ. Táwẹ̀lì tó nípọn ni kó wà lábẹ́ rẹ̀ láti gba ìtọ̀. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Láràárọ̀, ẹ kó èyí tó tutù kúrò ní àwọn igun àti lábẹ́ ibi tí koríko gbígbẹ wà, torí ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ tọ́jú ẹ̀kúnwọ́ kan èyí tó gbẹ nínú ti àtijọ́, kí ẹ dà á mọ́ tuntun. Bí òórùn wọn bá pòórá pátápátá, àwọn akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí nu ilẹ̀, wọ́n á máa tọ̀ káàkiri láti fi hàn pé ilé àwọn ni, iṣẹ́ yín á sì pọ̀ sí i.

Ohun funfun tó máa ń gan mọ́ ilẹ̀ ike bí ẹfun, kálísíọ́ọ̀mù inú ìtọ̀ ni. Ọṣẹ kò lè ká a. Ẹ da fínígà funfun àti omi pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dà á sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, á tú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bílíìṣì mọ́ fínígà, ẹ má sì da bílíìṣì sórí ìtọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀ kúrò. Atẹ́gùn tó máa ń jáde nínú méjèèjì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, tiyín àti tirẹ̀.

Ìdí

Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ ó máa wò lójoojúmọ́, ìdí ni kó jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan sí abẹ́ àyà, ẹ fi ìkejì gbé ìdí rẹ̀ dúró, ẹ gbé e sára yín, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó gbẹ. Bí irun ibẹ̀ bá tutù tàbí tó ní ìgbẹ́ rírọ̀ lára, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì wádìí ohun tó fà á. Ẹ̀fọ́ tútù àti èso tó pọ̀ jù, koríko tó kéré jù, ara tó sanra débi tí ẹnu kò fi dé ẹ̀yìn mọ́, tàbí àìsàn àpò ìtọ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni eṣinṣin. Ní àsìkò òjò, eṣinṣin á yé ẹyin sí irun tó tutù yẹn, kó tó pé ọjọ́ kan ẹyin á ti di ìdin, ìdin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara láàyè. Gínípíìgì tó ń jẹun dáadáa lánàá lè kú lọ́la. Bí ẹ bá rí ìdin, ẹ fi ẹ̀mú kékeré ṣa èyí tí ẹ bá lè rí, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òru. Ẹ má rì í sínú omi.

Eṣinṣin mìíràn wà ní ọ̀dọ̀ wa níbí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa gínípíìgì láti Yúróòpù kì í dárúkọ: èyí tó ń yé sí iyanrìn tó ń rùn ìtọ̀ tàbí sára aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ á sì gbẹ́ ara wọlé. Ẹ ó rí kókó tó wú bí eéwo, tó ní ihò tínńtín lórí. Nítorí náà, ẹ má gbé àgò lé iyanrìn lásán, ẹ má sá aṣọ tí ẹ ń tẹ́ fún un sórí koríko. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú àgò kì í wọ́n.

Gínípíìgì ò ní ìrù, ṣùgbọ́n níbi tí ìrù ì bá wà, díẹ̀ sókè ihò ìdí, ẹ̀ya ara kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ọ̀rá. Òun ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ láti sàmì sí i. Ti akọ máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá fi ìka ya irun ibẹ̀ tí ó lẹ̀ pọ̀, tó rí bí àbẹ́là tó yọ́ tó tún dì, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọ̀rá ti dì síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi èékánná họ ọ́, awọ á bá a bọ́. Ẹ bu òróró àgbọn bí ìdajì ṣíbí tíì. Bí ọyẹ́ bá ti mú kó dì, ẹ fi ọwọ́ ra á kó yọ́. Ẹ fi pa ibẹ̀, kó wọ gbòǹgbò irun, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fún un ní kùkúńbà kó máa jẹ. Ọ̀rá ló ń yọ́ ọ̀rá. Omi lásán kò lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tó rọ̀, ẹ máa fi yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi aṣọ nù ún. Ẹ ó rí i tí ohun dúdú á máa bá aṣọ jáde. Ẹ wá kán ọṣẹ ẹranko kékeré ẹyọ kan sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi aṣọ nu ibẹ̀, ẹ tún fi omi lásán nù ún, ẹ gbẹ ẹ́. Bí kò bá tán, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀túnla. Fún akọ tó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Bí ibẹ̀ bá wú, tó là, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá mọ́. Ó lè jẹ́ eéwo tàbí kókó burúkú, dókítà ló ni ín.

Àwọn akọ tó ti ń darúgbó tún ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Gbogbo gínípíìgì ń jẹ irú ìgbẹ́ rírọ̀ kan tí wọ́n ń fi ẹnu gbà tààrà láti ìdí, torí fítámì B wà nínú rẹ̀. Bí iṣan ìdí akọ bá ti rọ̀, ìgbẹ́ yìí á máa kó jọ sínú àpò tó wà níbẹ̀, á di òkìtì, á máa rùn gan-an. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró díẹ̀ rẹ ẹ́, ẹ wá rọra tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí á fi yọ jáde. Àwọn mìíràn nílò èyí lójoojúmọ́ títí wọn á fi kú. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá koríko tàbí irun kò wé mọ́ nǹkan ọkùnrin rẹ̀.

Èékánná 14

Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ní ìka 4, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní 3. Ẹ kà á dé 14 kí ẹ tó ju ohun ìgékánná sílẹ̀. Ní orí àpáta, èékánná ń jẹ fúnra rẹ̀. Lórí èérún pákó, kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́. Ó máa ń ká bí ìwọ̀ ẹja, á tẹ ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì mú kí ẹran náà fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni kí ẹ máa gé e.

Ohun ìgékánná ológbò ló dára jù. Ti èèyàn ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ èékánná àgbà sí wẹ́wẹ́. Ẹ jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró tí gínípíìgì sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, egungun rẹ̀ lè ṣẹ́. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sórí itan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ikùn yín, kí ìdí rẹ̀ jókòó lórí itan, kí ọwọ́ yín kan wà lábẹ́ àyà. Ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ má sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn gbalaja. Bí ẹnìkejì bá wà nílé, kí ó máa fún un ní ewé jẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di ìka ẹsẹ̀ kan mú, kì í ṣe ẹsẹ̀ lódindi; bí ẹ bá di gbogbo ẹsẹ̀ mú, á máa já a gbà.

Èékánná funfun rọrùn. Ẹ ó rí ìlà pupa tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ni. Ẹ gé e ní mìlímítà 2 kọjá ibẹ̀. Èyí tó dúdú ni wàhálà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ìsàlẹ̀, òjìji ẹ̀jẹ̀ náà á hàn. Bí kò bá hàn, ẹ gé mìlímítà 1 péré ní ṣónṣó, kí ẹ tún gé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Èékánná tó ti gùn fún ọdún kan, a kì í gé e kúrú lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun àgbàdo kíkúnná, irú èyí tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ki, wà nínú ìdérí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ ti ṣónṣó ìka náà bọ inú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ má dá a padà sórí èérún pákó títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Orí táwẹ̀lì mímọ́ ni kó wà. Bí kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e lọ. Bí ó bá sì ti ń pariwo jù, ẹsẹ̀ iwájú lónìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́la, kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ní àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú àwọn àgbà, awọ líle kan máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èékánná kékeré mìíràn. Kò ṣe é ní nǹkan. Ẹ má fà á ya. Ẹ fi òróró àgbọn rẹ ẹ́, kí ẹ gé orí rẹ̀ tó gbẹ nìkan.

Irun

Irú èyí tí irun rẹ̀ kúrú tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ya irun rẹ̀, láti orí lọ sí ìdí. Abyssinian, tí irun rẹ̀ ń yí po bí irun àtàrí ọmọ tuntun káàkiri ara, ẹ tẹ̀lé ibi tí irun kọ̀ọ̀kan dojú kọ. Peruvian ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Irun rẹ̀ kì í dáwọ́ gígùn dúró, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 50 bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀ fún ìdíje. Ní tèmi, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti jẹ́ kó gùn bẹ́ẹ̀ nínú ooru Èkó. Ẹ gé e yípo kó ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ẹ tún gé ti ìdí kúrú ju ìyókù lọ. Sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ ṣe kuuru ni kí ẹ lò.

Irun tó bá ti ta kókó, ẹ di gbòǹgbò rẹ̀ mú láàárín ìka méjì, kí fífà náà má dé awọ, ẹ fi ìka tú u kí ẹ tó mú òòyà. Ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ máa ń jẹ́ kó yọ̀. Bí kò bá tú, ẹ ti òòyà bọ àárín kókó àti awọ, kí ẹ gé e lórí òòyà. Awọ wọn fẹ́lẹ́, ó sì máa ń bá irun dìde; ẹni tó bá gé láìfi òòyà sí i á gé awọ.

Ẹ̀yìn etí kò ní irun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ẹ má fi oògùn làpálàpá pa á. Etí fúnra rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó ní omi díẹ̀ nu ìta rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má fi òwú onígi kan inú rẹ̀.

Skinny, èyí tí kò nírun, tí irú rẹ̀ yọ ní ibùdó ìwádìí kan ní Montreal ní 1978, kò yọ yín nínú iṣẹ́. Ara rẹ̀ ń dọ̀tí hàn, ó ń gbẹ, oòrùn sì ń jó o. Aṣọ tútù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òróró àgbọn ẹ̀kán kan bí awọ bá ń sán. Ó máa ń jẹun ju àwọn onírun lọ, torí òun ló ń fi oúnjẹ dáná sára.

Bó bá di dandan kó wẹ̀

Ìtọ̀ tó wọ irun, ìgbẹ́ tó gan mọ́ ọn, tàbí oògùn ọṣẹ tí dókítà kọ: ìwọ̀nyí ló ń mú kó di dandan. Kó má yá ju oṣù kan lọ sí èyí tó kẹ́yìn. Ẹ má wẹ aboyún tí ikùn rẹ̀ ti yọ, tàbí èyí tó ń sín, tàbí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ bàsíà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó má kọjá ikùn. Ẹ fi kọ́ọ̀bù bu omi sí i láti èjìká lọ sẹ́yìn, orí kò gbọdọ̀ tutù. Ọṣẹ fún ẹranko kékeré nìkan, ìwọ̀n ẹ̀wà kan. Ọṣẹ dúdú kò yẹ ẹ́ rárá. Eérú inú rẹ̀ le jù fún awọ yẹn. Oògùn apakòkòrò tí à ń bu sómi ìwẹ̀ náà, rárá, torí ohunkóhun tó bá wà lára rẹ̀ ló máa lá mì. Páúdà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣan án títí irun á fi dún kíríkírí lábẹ́ ìka.

Gbígbẹ ló ṣòro jù. Táwẹ̀lì méjì, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má máa ra á. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìgbẹrun, ìwọ̀n tó kéré jù, kó jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ má gbé e sóòrùn pé kó fi gbẹ, ooru á pa á. Ẹ má sì gbé e síwájú fáànù. Ẹ fi ìka wá gbòǹgbò irun: òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá wẹ ọ̀kan nínú méjì, òórùn rẹ̀ á yí padà, wọ́n sì lè jà; ẹ fi aṣọ kan náà nu àwọn méjèèjì kí ẹ tó dá wọn pọ̀.

Nígbà tí kì í ṣe ìdọ̀tí

Irun tó ń re, ara tó ń yún, wíwẹ̀ kò ní wò ó sàn. Iná ara ni èyí tí ẹ lè fi ojú rí: ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rìn láàárín irun, kì í sì í gbé ara èèyàn. Kúrúnà gínípíìgì kò ṣeé fojú rí. Ó máa ń yún wọn débi pé wọ́n á bú sígbe, àwọn mìíràn á ṣubú lulẹ̀ máa gbọ̀n bí ẹni tí wárápá mú. Làpálàpá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nímú àti yípo ojú, ó sì ń ran èèyàn, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń gbé e mọ́ àyà.

Fún iná àti kúrúnà, dókítà sábà máa ń lo ivermectin. Ẹ má ra ti màlúù kí ẹ máa fojú díwọ̀n ọn. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní mìlígíráàmù 10 nínú mìlílítà kan. Ohun tí gínípíìgì oníkílò kan nílò kò ju bíi mìlílítà 0.02 sí 0.05 lọ, kò tó ẹ̀kán kan. Wọ́n á tún un fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nítorí oògùn náà kì í pa ẹyin, gbogbo èyí tó wà nínú àgò ló sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ọta-píàpíà kò gbọ̀dọ̀ sún mọ́ àgò náà rárá, kódà kí ẹ fín in sí ìta.

Bí egbò bá wà, ẹ má fi ampicillin tàbí amoxicillin tó kù nílé sí i lẹ́nu. Oògùn wọ̀nyẹn ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun gínípíìgì, èyí tó burú á gba ibẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tetracycline tí wọ́n ń bu sómi adìyẹ náà kò yẹ ẹ́.

Irun tó bá wá rí gátagàta láìsí kòkòrò kankan, ẹ wo oúnjẹ rẹ̀. Bíi ti èèyàn, kò lè dá fítámì C ṣe nínú ara rẹ̀; mìlígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kan lójúmọ́ ló nílò. Tàtàsé tútù díẹ̀ lójoojúmọ́ ti tó, òun ló sì rọrùn jù ní ọjà wa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fítámì tí wọ́n ń bu sómi mímu, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́. Eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tó wà lẹ́yìn àti mẹ́rin tó wà níwájú kì í dáwọ́ gígùn dúró, koríko gbígbẹ ló ń rẹ́ ẹ. Bí àgbọ̀n bá ń tutù fún itọ́, eyín ti gùn jù, kì í ṣe pé ó mumi dà sára.

Ìwọ̀n ló máa kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún yín, kí irun tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí ẹ tó fún un ní ewé, ẹ gbé e sínú abọ́ lórí òṣùwọ̀n ìdáná. Àgbà sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 700 sí 1,200. Bó bá fi 50 dín, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bó bá sún mọ́ 100, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ọjọ́ tí ẹ gé èékánná sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi píìnì aṣọ há a mọ́ ara àgò, kí ẹni tó bá bá yín tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò lè rí i.